Àkísà Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Orin Ìkẹyìn Fẹlá

Òwe méjì ń bẹ nínú èdè wa tí wọ́n jọ dárúkọ àkísà, ṣùgbọ́n tí wọn kò sọ ohun kan náà. Èkínní wí pé, arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Ìkejì wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bí a bá gbọ́ ti àkọ́kọ́, a ó rò pé ohun tí ó bá ti gbó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Oge rẹ̀ ti kọjá, kí a máa fi ọ̀wọ̀ rántí rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sì gbọ́ ti ìkejì, a ó rí i pé àkísà gan-an ni ọrọ̀ àgbà, ohun tí owó ọmọdé kò lè rà. Èwo ni kí a dì mú nínú méjèèjì? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé. Ọ̀nà orin ni n ó gbé e gbà, nítorí ọ̀nà orin ni ó gbà wọ ọkàn mi.

Ìbà Housing Estate ni mò ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè dá sílẹ̀ fún àwọn ará Èkó láàárín 1979 sí 1983. Ibẹ̀ kò jìnnà sí LASU, nítorí náà àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Níwájú ilé wa ni bàbá kan ti ní ìsọ̀ onípáákó, níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe. Bàbá Onírédíò ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, a ó máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, a ó máa sọ̀rọ̀ ìṣèlú, bí ọ̀rọ̀ bá sì tán, orin ni yóò kù.

Ní ọjọ́ kan, Bàbá fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rédíò, orin Lady ti Fẹlá Aníkúlápò Kútì sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mi orí. Obìnrin tí ń ta búrẹ́dì dá igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó jó. Nígbà tí ó tán, èmi náà ní kí n fi tèmi kún un. Mo fi Beasts of No Nation sí i láti inú fóònù mi, èyí tí Fẹlá gbé jáde ní 1989. Ìlù bẹ̀rẹ̀, fèrè bẹ̀rẹ̀, a dúró, a dúró, Fẹlá kò tí ì la ẹnu. Kí ó tó kọ gbólóhùn mẹ́wàá, oníbúrẹ́dì ti gbé igbá rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ti ń wo fóònù. Bàbá ní, "Ọmọ mi, pa á. Fẹlá tiwa ti kú ní 1977. Èyí tí wọ́n sin ní 1997, òjìji rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan. Bàbá lọ sí Shrine nígbà èwe wọn; wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí èmi ń kà nínú ìwé. Nítorí náà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ wọn kalẹ̀ bí ó ti yẹ, kí n tó gbé tèmi.

Báyìí ni Bàbá ṣe rò ó. Wọ́n ní láàárín 1971 sí 1977, kò sí ẹgbẹ́ olórin kan ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ó lè dúró ti Africa 70. Tony Allen ni ó wà nídìí ìlù, ọwọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti gbogbo onílù. Lady àti Shakara jáde ní 1972. Water No Get Enemy jáde ní 1975. Zombie tẹ̀ lé e ní 1976. Nínú gbogbo wọn, Fẹlá ń bú ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bú gan-an a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa jó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀ tí ó pè ní Kalakuta, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978. Ní ọdún kan náà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ lọ ṣeré ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, púpọ̀ nínú àwọn olórin rẹ̀ fi í sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí Tony Allen náà fi lọ. Bàbá ní, láti ìgbà náà lọ, ohun tí ó kù kò ju àròyé. Orin ń gùn, ẹ̀rín ń dínkù. "Orin tí ènìyàn kò lè jó sí," ni wọ́n wí, "ìwàásù ni."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ gígùn kì í ṣe ẹ̀sùn tí ó dúró. Confusion, tí ó jáde ní 1975, orin kan ṣoṣo ni, òun nìkan ni ó sì kún iwájú àti ẹ̀yìn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé wọ́n lè fi ẹnu fọn fèrè inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí orin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú kò bá gùn jù ní 1975, kí ni ó dé tí èyí tí ó sún mọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi gùn jù ní 1989? Kì í ṣe aago ni ó yàtọ̀. Ohun tí a ń retí ni ó yàtọ̀. Ní ti Confusion, a mọ̀ pé ijó ń bọ̀. Ní ti Beasts of No Nation, ẹni tí ń bọ̀ kò ṣèlérí ijó fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹni tí ń bọ̀ náà. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ọ̀ràn owó òkèèrè. Ó lo bí ogún oṣù kí wọn tó dá a sílẹ̀ ní 1986. Nínú orin yìí, ó sọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ni yóò kọ lórin nísinsin yìí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi: ó ní ẹ̀wọ̀n ni ayé inú, ibi tí àwa wà yìí ni ayé òde, ayé òde sì ni ayé wèrè. Kò sunkún ara rẹ̀ bí Bàbá ti rò. Ó gba inú ìyà ara rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí ilé ẹjọ́, ó bọ́ sí ìjọba, ó dé ọ̀dọ̀ P. W. Botha ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó wí pé ìdìde àwọn ènìyàn yóò mú ẹranko inú àwọn jáde. Ibẹ̀ ni orin náà ti mú orúkọ. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ó kọ Lady lè kọ èyí? Kò lè kọ ọ́. Aṣọ rẹ̀ pọ̀ nígbà náà, kò tí ì ní àkísà tó.

Mo sì tún rí i pé kì í ṣe òótọ́ pé gbogbo orin ìkẹyìn ni ó ń wọ́ bí ìgbín. Underground System jáde ní 1992. Eré ni ó ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀. Fèrè inú rẹ̀ a máa lé ara wọn bí ọmọdé tí ń ṣeré òṣùpá. Ikú Thomas Sankara, olórí Burkina Faso tí wọ́n pa ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, ni ó sì fa orin náà. Níbi yìí, Fẹlá kò sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ tí ó jóná, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ní ìlú onílùú. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àròyé, kí ó tún etí rẹ̀ wẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ẹjọ́ mi dùn jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dìde, ọ̀rọ̀ náà sì le ju ti Bàbá lọ. Gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn Fẹlá ni ó mọ̀ pé ó ní òfin kan: orin tí ó bá ti gbé sínú àwo, kò ní kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tí ó bá ti òkèèrè wá, tí ó san owó ẹnu ọ̀nà, tí ó ń retí Zombie, orin tí kò gbọ́ rí ni yóò bá níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ìgbéraga ni. Ó ní oníṣòwò kì í yan ohun tí oníbàárà yóò jẹ. Ta ni ó ni orin: ẹni tí ó kọ ọ́ ni, tàbí àwọn tí wọ́n ti fi í gbé ìyàwó, tí wọ́n ti fi í sin òkú?

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1825, Beethoven, àgbà olórin Jámánì, kọ orin olókùn mẹ́rin kan tí apá ìkẹyìn rẹ̀ le dé ibi pé kò yé àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ apá náà, kí ó kọ òmíràn tí ó rọrùn dípò rẹ̀. Beethoven gbà. Lónìí, apá tí wọ́n yọ náà wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé orin ń bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Beethoven gbà fún àwọn oníbàárà, Fẹlá kò gbà. N kò lè sọ pé ọ̀kan jẹ́ ènìyàn rere, kí èkejì jẹ́ ènìyàn burúkú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń kọ orin àná ní gbogbo alẹ́, alẹ́ wo ni yóò fi kọ tòní? Àwa tí a ní kí ó tún Zombie kọ, orin náà ti wà nínú àpótí wa. A kò pàdánù ohunkóhun. Ohun tí a ń bèèrè kì í ṣe orin. A ń bèèrè pé kí ọkùnrin náà má kúrò níbi tí a fi í sí.

Mo bi Bàbá léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí Lady jáde?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ogún ọdún. Ìyá àwọn ọmọ mi ni mò ń lépa kiri." Mo ní, "Ṣé orin náà ni ó dùn, tàbí ogún ọdún náà?" Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá mi lóhùn pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé orin tìrẹ ni ó dùn, tàbí pé ó dùn mọ́ ọ pé kò yé àwọn yòókù?" Ojú tì mí, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Wọn kò tí ì bí mi nígbà tí Fẹlá kú. Orin ìṣáájú àti orin ìkẹyìn, ọjọ́ kan náà ni mo bá gbogbo wọn nínú àpótí bàbá mi, n kò ní èwe kankan tí mo fi pamọ́ sínú wọn. Èyí fún mi ní òmìnira tí Bàbá kò ní. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ a máa fẹ́ràn ohun tí ó ṣòro, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó kàwé.

Ohun kan sì ń bẹ tí kò gbọdọ̀ fò wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ni òtítọ́. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, Fẹlá ń kọ orin kan lórí ìtàgé tí ó fi ń tako lílo kọ́ńdọ̀mù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ó kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, jáde sí gbangba, ó sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ni ó pa á. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo ọmọ ìyá méjì yìí. Ọ̀kan fi orin kọ ẹ̀yìn sí ààbò, èkejì fi ìbànújẹ́ ilé ara rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Bí mo bá ní kí a fetí sí orin ìkẹyìn, n kò ní kí a gbà á bí ẹni gba Ifá. Fífetí sílẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbà. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Lẹ́yìn Underground System ní 1992, Fẹlá kò gbé àwo orin tuntun jáde mọ́ títí ó fi kú. Ó kọ orin mìíràn lórí ìtàgé ní ọdún márùn-ún náà, ṣùgbọ́n etí àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ ni ó gbà wọ́n, pẹ̀lú àwọn kásẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tí àwọn ènìyàn gbà sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ bá ń retí Zombie nìkan, ta ni yóò rántí ìyókù fún wa?

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí báyìí. Ní oṣù tí ó kọjá, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi fi fún mi dákẹ́. Ẹ mọ ibi tí ó yẹ kí n gbé e lọ. Ìsọ̀ Bàbá kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n Bàbá kò yára mọ́. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀. Bí wọ́n bá tú rédíò, wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ́tí sí i kí wọ́n tó fi irin kàn án. Mo wé rédíò náà sínú ọ̀rá dúdú, mo fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí ọjà Alábà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti lè tún un ṣe kí n tó mu omi inú ọ̀rá tán. Bí mo ti ń kọjá níwájú ìsọ̀, Bàbá gbé ojú sókè. Ọ̀rá dúdú kò lè bo rédíò mọ́ ẹni tí ó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo kí wọn. Wọ́n jẹ́ mi. Wọ́n wo ọ̀rá náà, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sọ nǹkan kan.

Fẹlá ní orin kan tí ó jáde ní 1986, Look and Laugh ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé àwọn ènìyàn ń ṣe kàyéfì pé òun kò kọ orin tuntun bíi ti àtijọ́ mọ́. Ó ka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí sílẹ̀, ó sì ní òun kàn ń wò, òun ń rẹ́rìn-ín ni. Mo ti gbọ́ orin náà tó ìgbà ogún. Mo ti fi í jiyàn. Ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Èmi tí mò ń pariwo pé kí a fi sùúrù gbọ́ orin àgbà, n kò ní sùúrù ọjọ́ mẹ́ta fún àgbà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo padà. Mo tú ọ̀rá náà sílẹ̀ lórí tábìlì wọn. Bàbá ní, "Ṣé mọ́tò kò sí ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Wọ́n gbé rédíò náà sí etí wọn bí ẹni ń gbọ́ ọmọ tí ń mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò, kì í tilẹ̀ ṣe mẹ́ta. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. N kò ní sọ fún yín pé ó dára ju ti Alábà lọ, nítorí n kò mọ bí ti Alábà ìbá ti rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Sátidé tí mo lọ gbà á, mo bẹ Bàbá pé kí a jọ gbọ́ Underground System láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má pa á. Wọ́n gbà. Wọ́n di ojú wọn. Nígbà tí ó parí, mo dúró de ìdájọ́. Bàbá ní, "Onílù yẹn, kì í ṣe Tony." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kò dùn mọ́ mi tó Lady. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ."

Èrò tèmi ni pé ìyẹn náà tó. Òwe méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ara wọn jà mọ́ lójú mi. Àkísà lògbà rí, òtítọ́ ni. Kò sì sí ẹni tí ó lè fi ipá mú wa pé kí àkísà wù wá ju aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ́ àkísà rẹ̀ síwájú wa, kí a tẹ̀ ba, kí a wò ó, kí a mọ ibi tí ó ti ya àti ohun tí ó ya á, kí a tó sọ pé a kò fẹ́. Gbèsè tí a jẹ àgbà nìyí, yálà olórin ni, yálà onírédíò. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kí ó mú kálámù rẹ̀, kí ó dá mi lóhùn nínú ìwé wa yìí. Èmi yóò kà á dé òpin.